Ẹkún Ìyàwó Tí Ẹ̀rọ Ata Bò Mọ́lẹ̀

Bí o bá dé Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí oòrùn bá ti ń rọ̀, kí o tó rí ẹ̀rọ ata Ràmọ́tà ni wàá ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà kò nítìjú rárá. Ó ń bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, èéfín ń yọ nídìí rẹ̀, páànù orí ìsọ̀ ń gbọ̀n, àwọn oníbàárà tó gbé abọ́ ata àti tòmátì sílẹ̀ sì ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lọ́rọ̀ gidi láti sọ á ní sùúrù kí wọ́n pa ẹ̀rọ ná. Ràmọ́tà nìkan ni ariwo yẹn bá lára mu.

Ìdí rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti gbóná tán, tí ata ń wọlé lókè, tí ó ń ṣàn jáde nísàlẹ̀, obìnrin yìí á tẹrí ba díẹ̀, á fi etí ìborùn rẹ̀ bo ẹnu bí ẹni tí ata ń ta nímú, á sì gbé ohùn sókè. Kì í ṣe orin lásán o. Ẹkún ìyàwó ni, irú èyí tí ọmọge Ọ̀yọ́ ń sun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bá ku ọ̀la kó relé ọkọ, nígbà tó bá ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn nínú agbo ilé, tó ń dágbére fún bàbá, fún ìyá, fún ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n sì ń wúre fún un. Gbogbo ara ni Ràmọ́tà fi ń sun ún. Ẹni tó dúró tì í kò gbọ́ nǹkan kan ju ìbú ẹ̀rọ lọ. Ẹ wá wo ọgbọ́n! Ìgboro ló ti ń ṣe é, lójú gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tó fura.

Nínú ariwo yẹn, Sábó á pòórá díẹ̀díẹ̀. Òórùn ata á di òórùn awọ tí wọ́n sá sóòrùn, èéfín á di kùrukùru ọyẹ́, Ràmọ́tà á sì bá ara rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níwájú ilé bàbá rẹ̀, nínú aṣọ tuntun tí wọ́n dá fún ìyàwó. Ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀. Bàbá á wà lórí àpótí, ojú rẹ̀ á dì. Ohùn á máa jáde lẹ́nu Ràmọ́tà wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Kò ní lè wọlé, kò sì ní lè lọ. Ó máa ń lá àlá kan náà lójú oorun, á jí, á bá Saifudeen ọkọ rẹ̀ tó ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á wá máa bi ara rẹ̀ pé ṣé lóòótọ́ ni òun ti kúrò nílé ṣá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà máa wò mí bí ẹni tó ń pàlọ́. Ìyá tó bí Ràmọ́tà, Àmọ̀kẹ́, ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọge ní ẹkún. Bí Àmọ̀kẹ́ bá gbóhùn sókè, àwọn ọkùnrin tó ń pe ara wọn ní ọkùnrin á máa wá ibi tí wọn ó kọjú sí. Àìsàn mú un lọ lọ́dún tó ṣáájú ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Nígbà tó wá ku ọ̀la kí wọ́n gbé Ràmọ́tà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo agbo ilé tú síta. "Lónìí la óò tún gbọ́ ohùn Àmọ̀kẹ́!" Ohun tí wọ́n ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ wá síwájú pátápátá, ó ní etí òun kò fẹ́ pàdánù nǹkan kan.

Ràmọ́tà dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Sàídù, oníṣọ̀nà awọ, tí ń rán bàtà àti àpò, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, gbé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó, ó di ojú. Ràmọ́tà wò ó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ohùn ìyá òun ni bàbá ń dúró dè yìí. Bí òun bá lanu, tí kì í bá ṣe ohùn náà ló jáde ńkọ́? Ẹkún tó mọ̀ bí ẹni mowó fò lọ lórí rẹ̀. Ó lanu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ó ń mí ni. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn pòṣé, ni Asiyah, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, bá bọ́ síwájú, ó gba ẹkún náà sun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni pé òun gan-an ni ìyàwó. Wọ́n wúre, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé Ràmọ́tà lọ. Kò sẹ́ni tó bá a wí, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Bàbá rẹ̀ pàápàá kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà ni Ràmọ́tà ti gbà pé òun kò lóhùn. Bí wọ́n bá ní kó dárin ní ẹgbẹ́ àsàlátù, á ní, "Èmi kẹ̀? Ẹ fi mí sílẹ̀ o, àwọn tó lóhùn wà níbí." Níbi ìsọmọlórúkọ, á wá iṣẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé. Ó ń gbé nínú ara rẹ̀ bí ẹni tó yá ilé gbé. Ìgbà tí Saifudeen ra ẹ̀rọ ata fún un, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tan án, tí ariwo bo gbogbo nǹkan, ó ṣàdédé gbọ́ tí ohun kan ń gbọ̀n láyà òun. Kí ó tó mọ̀, ó ti ń sun ẹkún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ti lè bẹ̀rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló wá ń sun ún, ó ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ti ìyá rẹ̀, títí tí ti ìyá rẹ̀ fi kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí. Hajarat wá lọ tàtàṣé. Òkè Ọya ni àwọn òbí Hajarat ti wá tẹ̀dó sí Sábó, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ Yorùbá, ẹ ó rò pé ìdí ààfin Ṣọ̀ún ni wọ́n bí i sí. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó dúró. Ràmọ́tà da tàtàṣé sẹ́nu ẹ̀rọ, ó bo ẹnu, ó di ojú, ó ti lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ rẹ̀. Kò rántí pé epo inú ẹ̀rọ ti ń lọ sílẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀rọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́, ó pa. Ìyá yín Ràmọ́tà kò mọ̀. Ó ń bá tirẹ̀ lọ ní gbangba, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀nà:

"Ẹ wúre kan kí n mú un dání,
Ọwọ́ òfo kọ́ lọmọ yín ó gbé délé ọkọ…"

Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀. Màálàmù tó ń ta tùràrí lódìkejì gbójú sókè. Ìgbà tí Ràmọ́tà là ojú, gbogbo òpópó ló ń wò ó, ẹ̀rọ sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bá níbi olè.

"Ìyá Mùjídàt!" Hajarat pariwo. "Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Rédíò ni," Ràmọ́tà ní.

"Rédíò wo? Níbo ni rédíò wà?"

"Ó ti kú."

Hajarat fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wo òun, ata ló ta sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ tàtàṣé kì í ta ẹnikẹ́ni lójú. Ràmọ́tà gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ní òun ń lọ ra epo, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀ débi pé kò lè dúró nílé epo tó wà nítòsí, ó rìn kọjá rẹ̀.

Sábó kì í fọ̀rọ̀ pamọ́. Kí ó tó dé, Mùjídàt ọmọ rẹ̀ ti gbọ́. Mùjídàt yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣe nìkáà ìgbéyàwó fún lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó ti pinnu pé òun á lọ dágbére fún bàbá àgbà ní Ọ̀yọ́ bí àwọn aṣáájú ti ń ṣe é, àmọ́ nítorí pé kò mọ ẹkún kankan sun, ó ti wa ẹkún obìnrin kan jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì sórí fóònù rẹ̀, ó ní òun á fi sí spíkà, òun á sì máa mi ètè.

"Màámi, ẹ mọ̀ ọ́n sun, ẹ wá ń wò mí tí mò ń wá a lórí fóònù?"

"Èyí tó wà lórí fóònù yẹn dára," Ràmọ́tà dáhùn. "Kì í gbàgbé."

"Ẹ bá mi sun ún níwájú Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ràmọ́tà bu omi wẹ ọwọ́, ó tún un wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti mọ́. "Ẹ̀rù ń bà mí, Mùjídàt," ló ní nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo rí ojú gbogbo èèyàn. Mi ò lè padà síbẹ̀." Ọmọ náà kò bá a jiyàn mọ́. Wọ́n jọ gbà pé fóònù ni wọn ó lò.

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ tí wọ́n lọ, ọyẹ́ bo ọ̀nà Ọ̀yọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí igi ẹ̀bá ọ̀nà kò fi ju òjìji lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà, àwọn ọmọge ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, Saifudeen ń bá dírẹ́bà jiyàn níwájú, Ràmọ́tà gbé orí ti fèrèsé. Ó ń rí i pé òun ń padà lọ sínú àlá òun pẹ̀lú ojú lílà. Àwọn abúlé ń yọ nínú kùrukùru, wọ́n tún ń wọnú rẹ̀ padà. Ó kù díẹ̀ kó sọ fún dírẹ́bà pé kó máa bá eré rẹ̀ lọ, kó má dúró ní Ọ̀yọ́.

Wọ́n dé. Ẹnu ọ̀nà náà kò yí padà, àfi pé wọ́n ti kun ún. Saifudeen àti dírẹ́bà dúró ti ọkọ̀ lẹ́bàá títì nítorí ọkọ̀ kò lè wọ agbo ilé. Bàbá Sàídù wà lórí àga, ó ti gbó gan-an, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, etí rẹ̀ sì ti ń fẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí iná, nítorí náà wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n tan án fún spíkà. Mùjídàt kúnlẹ̀, ohùn obìnrin orí fóònù sì gbòde, ó ń dún gooro. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè.

"Obìnrin kan ni, Bàbá," Mùjídàt pariwo sí i létí. "A ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ó mọ̀ mí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ó ṣeun, kó lọ sinmi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pa spíkà. Bàbá fa Mùjídàt mọ́ra, ó wúre fún un títí tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gidi, ẹkún tí kò sí lórí fóònù. Ìgbà tó ṣe tán, ó gbójú sókè, ó ń wá ẹnì kan kiri pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa mọ́.

"Ràmọ́tà dà?"

"Èmi nìyí, Bàbá." Ó kúnlẹ̀.

"Gbogbo ọmọbìnrin ilé yìí ló ti dágbére fún mi kí wọ́n tó lọ. Ìwọ nìkan ló kù. Èmi ò mọ ìgbà tí màá lọ ibi tí mò ń lọ. Ṣé o fẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀ ni?"

Mùjídàt na ọwọ́ kó pa jẹnẹrétọ̀, Ràmọ́tà sì yára ní, "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́." Ó dìde. Ó di ojú, ó wá ariwo náà rí, ó sá wọnú rẹ̀ bó ṣe ń ṣe ní Sábó. Ohùn bá jáde. Ó ń sun ún, ó dùn mọ́ ọn, ó ti ń gbọ́ òórùn awọ àtijọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú kan.

Ó kàn là ojú díẹ̀ ni. Bàbá ti fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ etí. Ó ti tẹ̀ síwájú débi pé ẹnì kan ń dì í mú kó má baà ṣubú, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo èèyàn rẹ̀ lódìkejì odò. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ariwo tó ń dáàbò bo Ràmọ́tà yìí ló ń gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ràmọ́tà dákẹ́.

Háà, ẹ wo ojú àwọn èèyàn! Ìyẹn náà kò yí padà. Asiyah, tó ti di ìyá àgbà olọ́mọ-ọmọ báyìí, ti gbéra nílẹ̀, ó ti wú ikọ́, ó ti ń bọ̀ wá gbà á sun.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi," Ràmọ́tà ní. "Tòní, tèmi ni."

Ó rìn lọ síbi ògiri, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá délẹ̀, ó tóbi. Ó gbọ́ adìẹ lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ ọkàn ara rẹ̀. Ó padà síwájú bàbá rẹ̀, ó lanu, ohùn tó kọ́kọ́ jáde ti ha, ó sì ya, ohùn ẹni tí èéfín àti ata ti bá gbé pẹ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, bí tọjọ́sí. Ràmọ́tà gbọ́ ọ. Kò dúró.

"Bàbá mi Sàídù, ẹ bá mi gbójú sókè,
Ẹsẹ̀ tí ẹ rán bàtà fún ti fẹ́ kúrò nílẹ̀ yìí.
Mo gbá ìta yìí títí, mo mọ ibi tí gbogbo òkúta rẹ̀ wà.
Ta ni yóò máa pọn omi àlùwàlá yín lówùúrọ̀?
Mo ń lọ o, kì í ṣe pé ilé sú mi,
Mo pẹ́ kí n tó wí i, kì í ṣe pé mo gbàgbé.
Ẹ wúre kan kí n mú un dání,
Ọwọ́ òfo kọ́ lọmọ yín ó gbé délé ọkọ."

Ẹni tó rẹ́rìn-ín ti dákẹ́. Omi ń ṣàn lójú bàbá, kò sì di ojú lọ́tẹ̀ yìí.

"Ohùn ìyá rẹ kọ́ nìyẹn," ó ní.

Ràmọ́tà tẹrí ba. "Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé tirẹ̀ lẹ̀ ń dúró dè lọ́jọ́ náà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Mo gbọ́ ohùn Àmọ̀kẹ́ títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

"Ẹ di ojú, Bàbá."

"Ọmọ mi ń lọ! Ṣé kí n máa sunkún lójú gbogbo agbo ilé ni? Ojú ẹkún ni mo dì, ìwọ ọmọ yìí."

Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì wúre náà fún un, ìre ìyàwó tuntun, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀: kí ilé ọkọ tù ú lára, kí ó bímọ, kí ó rí ọmọ tọ́. Mùjídàt, ọmọ tó ti bí tipẹ́, ló ń ṣe àmín níwájú gbogbo wọn. Ìgbà tí Ràmọ́tà dìde, tó ní òun ń lọ síbi ọkọ̀, bàbá na ọ̀pá rẹ̀ sí àwọn obìnrin.

"Ibo ló ń dá lọ? Ìyàwó kì í dá lọ. Ẹ sìn ín!"

Ẹsẹ̀ Ràmọ́tà gbéra lẹ́nu ọ̀nà náà, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni pé kò sí ohun tó dì í mú rí. Wọ́n sìn ín. Gbogbo wọn, àgbà àti ọmọdé, pẹ̀lú orin, wọ́n tú jáde gba ojú ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Mùjídàt gbé àpò ìyá rẹ̀ lérí, Asiyah ló ṣáájú. Saifudeen rí wọn tí wọ́n ń yọ nínú ọyẹ́, kò sì yé e.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú orin o," ó ní. "Ìyàwó ta lẹ̀ ń gbé bọ̀ yìí?"

"Tìrẹ ni," Asiyah dá a lóhùn. "Gbà á. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé wa."

Saifudeen wo ojú ìyàwó rẹ̀ títí. Ó ṣí fìlà lórí, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Ràmọ́tà wọlé, ó jókòó, ó sì ní kí dírẹ́bà máa gbé àwọn lọ sílé.